Pèrègún Mọ́kànlélógún Tí O Fà Tu

Odòde, Ìdànrè,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Akínṣọlá ọmọ mi,

Mi ò ní kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Bí mo bá béèrè, wàá ní dáadáa ni, ojú ìwé kan á sì ti lọ ká tó débi tí a ń lọ. Dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà rẹ wá ti sọ fún mi pé ara rẹ le, ara ìyàwó rẹ náà le. Ohun tí kò le ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tó ti bàjẹ́ nìyí. O kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lọ sí oko kòkó bàbá rẹ lọ́nà Òfósù, o ò sọ fún mi. Wọ́n fi ṣéènì àwọn awọnlẹ̀ wọn gbogbo oko náà yíká, wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O ní kí wọ́n fa pèrègún tó la oko náà sí méjì tu. Mọ́kànlélógún ni. Wọ́n kó o jọ sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni kó pàǹtí. O ya ilẹ̀ náà sórí ìwé ní oko kan ṣoṣo, olóko kan ṣoṣo. O sọ fún Bàbá Sìfáwù, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kòkó yẹn láti orí igi àkọ́kọ́, pé alágbàṣe lásán ni, pé tó bá ti kórè tọdún yìí tán, kó máa padà sí Ìkirun tó ti wá. O sì ti bá ọkùnrin kan tó ń la pákó sọ ọ́ pé ibẹ̀ ni kó wá kọ́ ilé-ìlagi rẹ̀ sí, torí ó sún mọ́ títì.

Àwọn tó mọ̀ pé ìdajì oko yẹn kì í ṣe tiwa nìyí. Bàbá rẹ mọ̀. Ó ti kú. Alàgbà Fálọ́wọ́ tó ṣe ẹlẹ́rìí mọ̀. Ogbó ti mú iyè rẹ̀ lọ, lọ́sẹ̀ tó kọjá orúkọ ìyá mi ló fi pè mí. Bàbá rẹ kékeré mọ̀; ṣùgbọ́n o ti ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìlagi náà, kò mọ̀ mọ́. Ìwọ mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún náà, ìwọ lo bomi sí ìdí rẹ̀. Èmi mọ̀. Oṣù méjì rèé tí mo ti mọ̀, tí mo sì ń ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ mi láràárọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, Akin. Orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ń to ọjà rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ, ojú ìwé mẹ́rin lo fi dá mi lóhùn. Mo rò pé wàá ní "Màmá, ẹ má bínú", tàbí kí o tiẹ̀ purọ́ fún mi, kí o ní o ò rántí. Irọ́ ì bá sàn. Ẹni tó ń purọ́ ṣì mọ ibi tí òótọ́ dúró sí, òun ló ń yẹ̀ sílẹ̀ fún. O ò purọ́. O kọ ọ́ báyìí pé: "Màmá, kò sí ohun kan tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́ tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ojú tí kálukú fi ń wo ayé ló ń sọ ohun tó dára àti ohun tó burú. Lójú Búráímọ̀, tirẹ̀ ni ìdajì oko. Lójú tèmi, àti lójú ìwé, tiwa ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe burúkú nínú àwa méjèèjì."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn ún kà. Ẹni tí kò bá mọ oko náà á pàtẹ́wọ́ fún ẹ.

Búráímọ̀! Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pe Bàbá Sìfáwù báyìí? Ẹni tó gbé ẹ kọ́rùn sọdá odò lọ́dún tí àgbàrá gbé afárá lọ, o wá ń pe orúkọ rẹ̀ ṣán bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Oyè tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní yunifásítì, ṣé ó gba "Bàbá" lẹ́nu rẹ ni?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ ṣe ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ ní Àkúrẹ́, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ìyá kọ̀wé ìmọ̀ràn sọ́mọ rẹ̀ ní irú àsìkò yìí. Mo ti ra ìwé àti gègé sílẹ̀ fún un, mo rò pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni màá fi kún un. Èyí ni mo rí kọ. Mi ò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Èkíní. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé "níbí, ó dára," sá.

Nígbà tí mo kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò ní Ìbàdàn, nígbà tí a ṣì ń ná ṣílè, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni ilé àwọn kan tó ń ra kòkó ní Odòde níbí. Akọ̀wé ni mí. Ọ̀gá tó ń wọn kòkó, Bọ̀ọ̀dá Sámù là ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń ra ẹ̀pà fún gbogbo wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ni mo rí i pé bí wọ́n bá ti gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n, á rọra ti orí bàtà rẹ̀ bọ abẹ́ pẹpẹ rẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀, kòkó á sì fúyẹ́.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ yín wà lábẹ́ òṣùwọ̀n."

Ó ní, "Áńtí Kọ́lẹ́ẹ̀jì! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ní Ìbàdàn pé òṣùwọ̀n ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń gbé àpò. Mo bi í bóyá ohun tó ń ṣe dára. Ó ronú díẹ̀, ó sì dá mi lóhùn láìbínú rárá: "Níbí, ó dára."

Mo gbà. Mo jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ dúró, àwọn èèyàn sì tò lọ bẹẹrẹ níta. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ tèmi náà ti mọ ọ̀nà abẹ́ òṣùwọ̀n.

Ìyá àgbàlagbà kan wá lọ́jọ́ kan. Òun nìkan ló gbé kòkó rẹ̀ láti oko, ó rù ú dé iwájú wa, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Mo pe iye tó jẹ́. Kò wo ojú mi, òṣùwọ̀n ló ń wò. Ó ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ mi tún wà níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, orí mi ló gbé e wá. Orí mi mọ bó ṣe wúwo tó."

Bọ̀ọ̀dá Sámù ní, "Ìyá, ṣé nọ́ńbà wà lórí yín ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò bá wa jà. Ó ní òun ò tà mọ́, kí n bá òun gbé e rù. Mo bá a gbé e. Ọwọ́ mi gbọ́ ohun tí orí rẹ̀ ti sọ. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà tó gbà wá, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Akin, mo bẹ̀ ẹ́, bí ohun gbogbo bá jẹ́ ojú tí kálukú fi wò ó, kí ló wà lórí ìyá yẹn?

O lè dáhùn pé ìtàn lásán ni mo ń sọ, mi ò tíì fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Mi ò kàwé tó ẹ. Òwò ni mo kọ́, mi ò kọ́ àròjinlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbé lábẹ́ òkè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bí o bá dúró sí Odòde, ojú kan lo máa rí i sí. Lọ dúró sí Aládé, á dà bíi pé òkè mìíràn ni. Àwọn àgbà tó gbé lórí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ níbí, ojú mìíràn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ojú ẹni tó fi ẹsẹ̀ gùn ún. Òótọ́ ni pé ojú wa yàtọ̀. Ṣùgbọ́n fi iwájú orí rẹ sọ ọ́ láti ibikíbi tó bá wù ẹ́. Òkúta kan náà ló máa fọ́ ọ lórí.

Ìwọ náà mọ èyí kí o tó kàwé. Ṣé o rántí aago ọwọ́ tí mo rà fún ẹ nígbà tí o wọ kíláàsì karùn-ún? Ọmọ tó mú un ní òun ò jí i, òun rí i nílẹ̀ ni, ohun tí èèyàn bá rí nílẹ̀ nílé wọn, tirẹ̀ ni. O wọ mọ́tò wálé ní àárín ọ̀sẹ̀, o sunkún títí imú rẹ fi dí. Mi ò gbọ́ kí o ní, "Màmá, lójú tirẹ̀, tirẹ̀ ni." Ohun tí mo gbọ́ ni, "Màmá, kò dáa! Kò dáa!" Mo ti wá rí i pé ẹni tó jókòó sórí àga ló máa ń sọ pé àga ò ní olóhun. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n lé dìde rí.

Èkejì. Èyí jẹ́ ẹ̀bi tèmi, má kánjú kà á kọjá.

Ohun tí o gbé ọ̀rọ̀ rẹ kà ni pé kò sí ìwé. Ìwé wà. Nígbà tí kòkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í so, tó tó àkókò láti pín oko sí méjì, ìdajì fún ẹni tó nilẹ̀, ìdajì fún ẹni tó gbìn ín, bí Bàbá Sìfáwù àti bàbá rẹ ṣe ṣe àdéhùn, èmi ni mo fi taipuráítà mi tẹ àdéhùn náà. Kọ́pì méjì. Mo kọ ààlà, mo kọ orúkọ, mo fàlà sí ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Mo gbé e lọ sóko lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbin pèrègún. Bàbá rẹ rí i, ó ní, "Ọ́fíìsì ti dé o!" Bàbá Sìfáwù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ara sòkòtò, ó gba ìwé náà, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ìyá Akin, ẹ má bínú. Bí mo bá fọwọ́ sí èyí, á dà bíi pé mo fura sí ọkọ yín."

Ká ní mo fara balẹ̀ ni. Ká ní mo jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan, ǹ bá ti rọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi gbà. Ṣùgbọ́n mo ti dá àwọn oníbàárà dúró ní Odòde, mọ́tò sì ń fun fèrè dè mí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Mo ká ìwé mi, mo bọ́ sínú mọ́tò. Kọ́pì méjèèjì wà nísàlẹ̀ àpótí mi títí dòní, wọn ò dọ́tí, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí wọn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń tọ́ ẹ ni mo ń sọ pé ẹni tó bá ń fi nǹkan falẹ̀, ayé á fi í sílẹ̀. Mo gba ìmọ̀ràn yẹn padà. Ìkánjú mi lo fi rí ààyè wọ oko olóko.

Ìwọ náà sì rí bí wọ́n ṣe gbìn ín. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò, bàbá rẹ á di pèrègún náà mú lápá òkè, Bàbá Sìfáwù á dì í mú nísàlẹ̀, wọ́n á jọ tẹ̀ ẹ́ bọ ilẹ̀. Alàgbà Fálọ́wọ́ kò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan gbin ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ méjì, láti ìhà méjì, lórí igi kan, lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún. Bàbá rẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí wọ́n fi máa débi odò. Ó ní, "Bàbá Sìfáwù, ẹ jẹ́ ká lo òkúta fún ìyókù." Ìyẹn ní, "Òkúta kì í hu ewé, Bàbá Akin." Ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí nìyẹn. Òun lo ní kí wọ́n fà tu.

Ẹ̀kẹta ni mi ò mọ bí màá ṣe kọ. Mo ti fi gègé sílẹ̀, mo ti lọ dá oníbàárà méjì lóhùn, mo tún padà wá.

Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà rẹ, o ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi." O sì sọ ọjọ́ tí mo kọ́ ẹ. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú, àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ, wọ́n ní kí bàbá rẹ kékeré ṣú mi lópó. Mo ní rárá. Olórí ẹbí sọ pé ohun tó tọ́ nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Ó tọ́ lójú tiyín ni." Ìwọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn pé ọmọ mi gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀. Gbólóhùn mi ni. O kàn fi ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga dán an ni.

Mo fẹ́ sọ fún ẹ pé ọ̀tọ̀ ni tèmi, ọ̀tọ̀ ni tìrẹ. Èmi kọ ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé lé ọrùn tèmi. Ìwọ ń gbé tìrẹ lé ọrùn ẹlòmíràn, o sì ní kó fi ojú tirẹ̀ wò ó. Mo gbà pé ìyàtọ̀ yẹn tóbi. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ borí ni. Mo mú ohun tó sún mọ́ mi, mo fi lu wọ́n, mi ò wo ẹni tó máa gbé e lẹ́yìn mi. Bí o bá bí ọmọ, Akin, ṣọ́ ohun tí o bá ń sọ nígbà tí o bá ń bínú lọ́nà tó tọ́. Ìbínú yẹn á lọ. Ọ̀rọ̀ náà á kù sílé.

Mi ò ní fi ẹ̀san dẹ́rù bà ẹ́. Ìyá mìíràn á sọ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ti rí eérú tó tọ ẹlòmíràn lọ. Bọ̀ọ̀dá Sámù kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó darúgbó, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Mo lọ síbi òkú rẹ̀. Mo jẹun níbẹ̀. Ìyá tó gbé kòkó rẹ̀ padà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí o bá ta oko yẹn, ó ṣeé ṣe kí ohunkóhun má ṣe ẹ́. Ilé-ìlagi á máa dún, wàá máa gun mọ́tò kọjá níwájú rẹ̀, oorun á sì máa kùn ẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Fúráìdé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sóko náà. Mo fẹ́ bẹ Bàbá Sìfáwù pé kó fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bá, ó ń di ìkòkò sínú àpò kòkó àtijọ́. Sìfáwù ń ká aṣọ. Inú oko yẹn ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí. Ó bi mí bóyá òkè wà ní Ìkirun bíi tibí. Wọ́n ti háyà lọ́rì, àárọ̀ Sátidé yìí ni yóò kó wọn. Mo béèrè bàbá. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu júwe òkè.

Orí igi ló wà. Ó so àdá mọ́ ọ̀pá, ó ń gé àfòmọ́ kúrò lórí kòkó.

Mo ní, "Bàbá Sìfáwù, kí lẹ̀ ń ṣe lókè yẹn?"

"Àfòmọ́ ni, Ìyá Akin. Ó ti fẹ́ pa ẹ̀ka yìí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Mo ń lọ."

"Wọ́n máa gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Ilé-ìlagi ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbí."

"Mo gbọ́. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á gé e." Ó tún gé òmíràn, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Wọn ò tíì dé."

Ìyàwó rẹ̀ ké láti ìsàlẹ̀, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Akin! Láti àárọ̀ ni mo ti ní kó wá bá mi di ẹrù, ó ní kòkó ń pe òun. Kó di kòkó mọ́ ẹrù nígbà náà, ká gbé e lọ Ìkirun!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò débi tó ń lọ. Ó fi etí ìró bo ojú.

Mo bi bàbá náà bóyá kò bínú ni. Ó ní, "Ṣé igi ló ṣẹ̀ mí?" Lẹ́yìn náà ló wá béèrè rẹ. Ó ní òun gbọ́ pé o ti gbéyàwó, kí n bá òun kí ẹ, Ọlọ́run á fún yín lọ́mọ. Ká ní ó ṣépè ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Adúrà ló ṣe. Mi ò lè ṣe àmín.

Wá fi ìwé rẹ sọ fún mi, kí ló gbé ọkùnrin yẹn gun igi? Kò sí ẹni tó ń wò ó. Kò ní jẹ nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n máa gé e. Bí rere bá jẹ́ ojú tí èèyàn fi ń wo àǹfààní ara rẹ̀, kí ló ń wá lókè yẹn? Mo ti bi ara mi ní gbogbo ọ̀nà padà wálé, mi ò rí ìdáhùn kankan tó bá ojú ìwé mẹ́rin rẹ mu. Mi ò lè fi ẹ̀rí hàn ẹ́ pé ẹ̀tọ́ wà níbì kan tó dúró gbọnyin bí òkè. Mo kàn rí ẹnì kan tó gbé ayé bí ẹni pé ó wà, èmi tí mo mọ̀wé sì dúró nísàlẹ̀ igi rẹ̀, ojú ń tì mí.

Àwọn pèrègún tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣa àwọn tó ṣì tutù nínú wọn. Mẹ́sàn-án ni. Mo kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìn ìsọ̀ mi. Gbòǹgbò ṣì wà lára gbogbo wọn. A lè gé wọn sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó mọ́kànlélógún padà. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mú kọ́pì ìwé ilẹ̀ náà àti lẹ́tà tí o kọ sí onílé-ìlagi dání. Wá sí oko ní ọjọ́ Fúráìdé yìí, kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí ìwọ fúnra rẹ wú òpó símẹ́ǹtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí o pe bàbá náà ní orúkọ tí o fi ń pè é kí o tó gbọ́n. Kí o sì fọwọ́ sí ìwé tí mo tẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i; lọ́tẹ̀ yìí màá jókòó títí ẹ̀yin méjèèjì á fi fọwọ́ sí i, bó di ọjọ́ kejì.

Bí agogo mẹ́rin bá lù tí n kò rí ẹ, ní àárọ̀ Sátidé, kí lọ́rì tó gbéra, màá dúró níwájú àwọn àgbà Odòde, màá sọ ohun tí mo mọ̀, màá dárúkọ rẹ, màá sì dárúkọ ara mi. Wọ́n lè má gbà mí gbọ́. Obìnrin tó sọ fún wọn pé ó tọ́ lójú tiwọn ni, kí ló dé tí wọ́n á fi gba ojú tirẹ̀? Mo mọ̀ pé mo lè pàdánù oko, kí n pàdánù ọmọ, kí lọ́rì sì tún lọ. Mo ti rò ó. Màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò rò pé wàá wá. Mo kàn ń kọ ọ́ ni, kí o má baà lè sọ láéláé pé o ò mọ ọjọ́ àti wákàtí. Ká ní mo lè dá gbin pèrègún náà, ǹ bá ti lọ gbìn ín kí n tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kan kì í gbìn ín. Ọwọ́ Bàbá Sìfáwù wà níbẹ̀. Ọwọ́ kejì, bàbá rẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ.

Agogo mẹ́rin, Fúráìdé.

Èmi ìyá rẹ,
tó mọ̀.